Wọn Kò Ní Ti WhatsApp Yín Pa Nítorí Pé Ẹ Kò Pín Àtẹ̀jíṣẹ́ Kiri

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin tí a ń pè ní Màmá Mọ́kọ́lá, nítorí àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn, fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan sórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Ó ní láti ọjọ́ Sátidé, WhatsApp yóò di ohun tí a ń sanwó fún, àti pé ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò ti ojú òpó rẹ̀ pa. Kí aago méje tó lù, àwọn mẹ́ta mìíràn ti gbé e dé gúrúùpù ìjọ àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àánú ẹnìkejì ni ó mú wọn ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí.

Irọ́ náà ní ohun tí ó fẹsẹ̀ tì. Nígbà tí Jan Koum àti Brian Acton dá WhatsApp sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, kò pẹ́ tí wọ́n fi bù owó lé e, tí ó fi di pé ẹni tí ó bá ti lò ó fún ọdún kan yóò máa san nǹkan bíi dọ́là kan lọ́dọọdún. Facebook ra ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2014, wọ́n sì fagi lé owó yìí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016. Ẹni tí ó bá gbúròó owó náà nígbà náà lè gbà pé ó ti tún dé.

Owó ti wà rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan tí pípín àtẹ̀jíṣẹ́ gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá lo fóònù BlackBerry rí yóò rántí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti jà ràn-ìn lórí BBM, ojú òpó tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù náà. Orúkọ ojú òpó ni wọ́n kàn pààrọ̀. Ọ̀kan lára àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ yìí pe ọ̀gá WhatsApp ní Jim Balsamic, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó darí ilé iṣẹ́ náà rí. Láti ọdún 2012 ni WhatsApp fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé pé irọ́ ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ pàápàá tako irọ́ yìí. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ ni a ń dì ní ọ̀nà tí ó fi jẹ́ pé fóònù ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tí ó gbà á nìkan ni ó lè tú u. Ilé iṣẹ́ náà kò lè kà á, kò sì lè mọ ẹni tí ó ti pín in àti ẹni tí kò tíì ṣe é. Ohun tí ó lè mú kí ojú òpó ẹni lọ ni pé kí a má lò ó fún 120 ọjọ́, tàbí kí a máa lo ayédèrú bíi GB WhatsApp, tàbí kí a máa da àtẹ̀jíṣẹ́ bo ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀ wá rí.

Mo pe Màmá Mọ́kọ́lá. Wọ́n ní pásítọ̀ ni ó fi ránṣẹ́ sí àwọn, ta ni kò ní gba pásítọ̀ gbọ́? Mo ní kí wọ́n wo òkè àtẹ̀jíṣẹ́ náà, wọ́n sì rí àmì ọfà méjì tí ó tẹ̀ léra. Àmì yìí ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, ẹni tí òun náà kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, irú rẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́ ju ẹnìkan tàbí gúrúùpù kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé àṣà yìí ti pa ènìyàn rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola wà ní Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù kiri ní òru, ó ní kí gbogbo ilé fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì sọ fún àwọn aládùúgbò. Àwọn kan mu omi iyọ̀ náà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ni ó kú nítorí rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, Màmá Mọ́kọ́lá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá béèrè bí wọ́n ṣe lè pa ohun tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ rẹ́. Mo ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n yan pípa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé ó ṣì ṣeé ṣe fún ohun tí ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì.