Bí a ṣe ń dí ihò sẹ́ńsọ̀ tí kò níṣẹ́ lára tọ́ọ̀pù sílíńdà

Lára ẹ́ńjìnnì LS, tí General Motors kọ́kọ́ fi sínú ọkọ̀ Corvette ti ọdún 1997, tọ́ọ̀pù sílíńdà (irin tó bo orí àwọn sílíńdà) jẹ́ méjì, ti apá òsì àti ti apá ọ̀tún kò sì yàtọ̀ síra. Wọ́n kàn kọ ojú ọ̀kan síwájú, wọ́n sì kọ ti èkejì sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ihò sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó fi jẹ́ méjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ sẹ́ńsọ̀ kan ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń lò. Iwájú lápá òsì ni sẹ́ńsọ̀ máa ń wà, wọ́n á sì fi bóòtù dí èyí tó wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún.

Inú ọ̀nà omi gan-an ni ihò náà já sí, omi ọ̀hún a sì máa gbóná gan-an nígbà tí ìdérí radiétọ̀ bá há a mọ́, nítorí náà kò tó kí bóòtù ṣáà ti wọlé. Irú tíréèdì (ìlà yíyípo tó ń jẹ́ kí bóòtù yí wọlé) tó wà nínú ihò ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ti LS jẹ́ M12 × 1.5 (fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, àlàfo láti ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1.5), fífẹ̀ rẹ̀ sì dọ́gba láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Irú tíréèdì bẹ́ẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ dá omi dúró. Wáṣà bàbà tàbí ti alumíníọ̀mù tó wà lábẹ́ orí bóòtù, tó ń tẹ̀ pẹrẹsẹ bí a ṣe ń dè é, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìdọ̀tí tàbí àpá bá wà lẹ́nu ihò, yóò jò, téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà kò sì lè tún un ṣe.

Tíréèdì NPT, irú èyí tí wọ́n ń lò fún páìpù ní Amẹ́ríkà, tó wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń tínrín lọ sí ìdí, tí tíréèdì bóòtù àti ti ihò fi ń há mọ́ra, tí téèpù tàbí gọ́ọ̀mù sì ń dí àlàfo tó bá kù. Bí a bá ń fi agbára dè é, ńṣe ni yóò máa fẹ ihò, bí tọ́ọ̀pù sílíńdà bá sì jẹ́ alumíníọ̀mù, ó lè là.

Àwọn kan máa ń fi sẹ́ńsọ̀ tó ti kú sílẹ̀ síbẹ̀ dípò bóòtù. Kò burú bí kò bá ti jò, àmọ́ ike orí rẹ̀ lè gbó, rìwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) tó bá sì dé lẹ́yìn yóò máa wá wáyà rẹ̀ kiri.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá ni kí a ṣí i, lẹ́yìn tí a ti fa omi dé ìsàlẹ̀ ihò náà. Ọwọ́ ni a ó kọ́kọ́ fi yí bóòtù wọlé kí a tó fi sípánà dè é. Nígbà tí a bá ti dá omi padà, a ó lé afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ jáde, a ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná títí tẹmọsítáàtì (ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí fún omi gbígbóná láti lọ sínú radiétọ̀) yóò fi ṣí, a ó sì yẹ ìdí bóòtù wò nígbà náà, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá tutù.