Wọ́n ní Jésù ń bọ̀ lọ́jọ́ 23, kò wá: kí ló kù?

Ní ọdún 2025, Joshua Mhlakela, ọkùnrin kan ní South Africa, ní Jésù fara han òun, ó sì sọ fóun pé ọjọ́ 23 àti 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ìgbàsókè, ìyẹn ọjọ́ tí Jésù yóò wá gbé àwọn tirẹ̀ lọ sọ́run. Fídíò tó ti sọ ọ́ gba orí TikTok kan, WhatsApp sì gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Ilẹ̀ ọjọ́ 25 mọ́, alájọ tún gbé káàdì rẹ̀ jáde. Àmọ́ ìbéèrè ò tíì tán lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ṣé Bíbélì sọ pé Jésù ń bọ̀, àbí àwọn wòlíì ló dá a sílẹ̀?

Bíbélì ló sọ ọ́. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:11 ní bí wọ́n ṣe rí i tó gòkè lọ náà ni yóò ṣe padà wá. Àwọn Áńgílíkà àti Kátólíìkì tó ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ń fẹnu ara wọn sọ pé yóò tún wá ṣèdájọ́ alààyè àti òkú. Àwọn kan nínú wọn kàn kì í fetí sí ohun tí wọ́n ń kà ni.

Ìgbàsókè wá ńkọ́? Ṣé òun náà ni bíbọ̀ rẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pín. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà (ìwé Kìíní, 4:16-17) pé àwọn tó kú nínú Kristi yóò kọ́kọ́ jíǹde, lẹ́yìn náà a ó gbé àwọn tó wà láàyè sókè nínú àwọsánmà láti pàdé Olúwa. Àwọn ìjọ àtijọ́ gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò wá, gbogbo ojú ni yóò sì rí i. Àwọn mìíràn, pàápàá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, ní yóò kọ́kọ́ wá kó àwọn tirẹ̀ lọ láìròtẹ́lẹ̀, ìpọ́njú ńlá yóò tẹ̀ lé e, kó tó wá hàn sí gbogbo ayé. John Nelson Darby ló tan ẹ̀kọ́ kejì yìí ká ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí, ó sì parí rẹ̀ ní ẹsẹ 18 pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tu ara wọn nínú. Àwa wá sọ ọ́ di ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé.

Ta ló mọ ọjọ́ náà?

Baba nìkan. Máàkù 13:32 ní àwọn áńgẹ́lì kò mọ̀ ọ́n, Ọmọ pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa dá ọjọ́?

Rárá o. William Miller ní Amẹ́ríkà wàásù bíbọ̀ Jésù títí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi fẹnu kò sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1844. Àwọn kan tilẹ̀ fi irè oko sílẹ̀ láì kórè. Harold Camping dá ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ó yẹ̀, ó sún un sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, ó tún yẹ̀. Ó padà gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun dá.

Ká má sì fi ti òkèèrè bo tiwa mọ́lẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Olúfúnmiláyọ̀ Odumosu tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jésù Oyíngbò. Ní tirẹ̀, kò dá ọjọ́ kankan: ó ní òun gan-an ni Jésù, òun ti dé. Ó kú ní 1988. Mátíù 24:27 ní bí mànàmáná ṣe ń kọ láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn ni bíbọ̀ Ọmọ Ènìyàn yóò rí. Mànàmáná kì í háyà yàrá ní Oyíngbò.

Ogun àti àjàkálẹ̀ àrùn tó wà níta yìí, ṣé àmì kọ́ ni?

Jésù sọ pé wọn yóò wà, ó sì fi kún un pé òpin kò tíì dé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ọdún 1918 ń pa èèyàn, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aládùúrà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ayé ò sì parí.

Ṣé Mùsùlùmí náà ń retí rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbà pé Ànábì Ísà yóò sọ̀kalẹ̀ kí ayé tó parí. Nínú agboolé tí Àlàájì àti díkónì ti jọ ń jẹun, ohun tí yóò wá ṣe ni wọ́n lè máa jiyàn lé lórí.

Ṣé kí n ta ilẹ̀ mi?

Ẹ má tà á. Àwọn kan ní Tẹsalóníkà jókòó sílẹ̀ láìṣiṣẹ́, Pọ́ọ̀lù ní ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó má jẹun. Ìjẹ̀bú tó sì ta ilẹ̀ lọ́pọ̀ nítorí ìgbàsókè, mi ò tíì rí i.

Pásítọ̀ wa ní ká kó wá máa gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dọjọ́ náà.

Ẹ má lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde lábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Oǹdó, ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé oṣù Kẹrin ni ìgbàsókè, wọ́n tún sún un sí oṣù Kẹsàn-án. Ọdún náà ni ìròyìn gbé e ní Èkìtì pé pásítọ̀ kan ń gba ₦310,000 lọ́wọ́ ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan fún ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Ti Kenya ló burú jù. Lọ́dún 2023, wọ́n hú òkú tó lé ní 400 nínú igbó Shakahola, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí ẹ yọ ọmọ kúrò nílé ìwé, kí ẹ má bá ẹbí sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí kí ẹ sanwó kí orúkọ yín lè wọlé, ẹ pe ẹbí, kí ẹ sì pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì.

Báwo la ṣe ń múra sílẹ̀ gan-an?

Gbogbo èèyàn ló mọ àwọn wúńdíá mẹ́wàá àti òróró wọn. Èmi fẹ́ràn Mátíù 24:45 jù: ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá bá bá lẹ́nu iṣẹ́, tó ń fún àwọn ará ilé lóúnjẹ lásìkò. Ẹ san gbèsè, ẹ parí ìjà ogún, ẹ lọ kí àbúrò tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìsìnkú bàbá yín.

Wọ́n tún ti fi ọjọ́ mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n pín in?

Ẹ má pín in. Ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ bóyá ó ti san owó ilé ìwé sáà tó ń bọ̀. Bó bá ti san án, òun alára kò gbà á gbọ́.