Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń wá: bó ṣe yẹ kí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa dá ọ̀gbẹ̀rì lóhùn

Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa béèrè ọ̀nà ní láti mọ orúkọ ibi tó ń lọ. Ibí yìí gan-an ni wàhálà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ program ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé nǹkan bàjẹ́, kò mọ orúkọ nǹkan náà, kò sì mọ èwo ló ṣe pàtàkì nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó kún ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó bá dé àárín àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó máa kọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kò ṣiṣẹ́." Àwọn tó kà á á ní ọ̀lẹ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi ṣàlàyé ni kò tíì ní.

"Kò ṣiṣẹ́" lè túmọ̀ sí pé program náà kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dákú lójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé ó parí wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ èsì tó mú wá kò tọ̀nà, tàbí pé kò mú èsì kankan wá. Lójú ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, àìsàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìwọ̀nyí, oògùn wọn kò sì jọra. Lójú ọ̀gbẹ̀rì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí olùdáhùn fi gbọ́dọ̀ ṣe ògbufọ̀ kó tó ṣe olùkọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló sábà máa ń tó: Kí lẹ ṣe? Kí lẹ ń retí? Kí lẹ rí?

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí tún máa ń ní kí ẹni tó béèrè fi kóòdù (ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ tó para pọ̀ di program) tó kéré jù lọ, tó ṣì ń fi àṣìṣe náà hàn, ránṣẹ́. Ìlànà tó dára ni, nítorí pé bí èèyàn bá ń gé kóòdù rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ó sábà máa ń kan ibi tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń gé àti ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un ní pàtó: "Ẹ yọ abala tó ń ya àwòrán kúrò, kí ẹ wò ó bóyá àṣìṣe náà ṣì wà." Ẹ tún jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gan-an la fẹ́, kì í ṣe fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Ó ṣòro láti ṣe ẹ̀dà kóòdù inú fọ́tò kí a sì dán an wò, afọ́jú tó ń lo ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè sì lè má rí nǹkan kan gbọ́ níbẹ̀. Kí ó sì yọ pásíwọọ̀dù rẹ̀ kúrò kó tó lẹ kóòdù síta. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìyẹn títí dìgbà tó bá pẹ́ jù.

Nígbà mìíràn, ìbéèrè á mọ́ kedere, síbẹ̀ kì í ṣe òun ni ìṣòro. Ká ní ẹnì kan tó ń lo Python, ọ̀kan lára àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ program, béèrè pé, "Báwo ni mo ṣe lè mú kí program Python mi dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó tẹ̀síwájú?" Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: time.sleep(5). Èèyàn mẹ́ta á sáré kọ ọ́ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó padà dé, ó ní òun ti sún un dé 30, kò sì sí ìyàtọ̀. Ìgbà yẹn lẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ kó dúró dè?" Ó wá hàn pé program náà ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fáìlì kan, ó tún ń ṣí fáìlì yẹn láti kà á, òfìfo ló sì ń bá níbẹ̀. Ẹni náà rò pé kọ̀ǹpútà ló ń falẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò ti fáìlì náà lẹ́yìn tó kọ nǹkan sí i tán. Python kì í gbé gbogbo ohun tí a bá kọ lọ sínú fáìlì lójú ẹsẹ̀. Ó ń kó o jọ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà ná, títí tó fi máa pọ̀ tó tàbí tí a fi máa ti fáìlì náà. Bí program yẹn dúró fún wákàtí kan gbáko, òfìfo náà ni yóò bá. close(), àṣẹ tó ń ti fáìlì, ló ń wá, sleep ló béèrè.

Irú èyí wọ́pọ̀ débi pé àwọn oníkọ̀ǹpútà ti fún un lórúkọ: ìṣòro XY. X ni ohun tó ń dààmú ẹni náà gan-an, Y ni ọ̀nà àbáyọ tó ti fọkàn ara rẹ̀ rò, tó wá ń béèrè nípa rẹ̀. Àwọn kan ti mọ orúkọ yìí tán, wọ́n wá ń lò ó bíi kóńdó: wọn kò ní fèsì àyàfi tí ẹni náà bá ṣàlàyé ara rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Èyí tó sàn jù ni kí a dá a lóhùn ohun tó béèrè, kí a sì bi í ní ohun tó ń lé, nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Bí Y bá jẹ́ ohun tó fẹ́ lóòótọ́, ó ti rí i gbà. Bó bá jẹ́ X ni, ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ìkanra tí àwọn àgbà máa ń kọ sí ẹni tuntun ní ìtàn. Lórí Usenet, gbàgede ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1980, oṣù September ni ìbéèrè máa ń ya wọlé bí omi, torí ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń dé ìdí kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Tó bá yá, wọ́n á mọ ìlànà ibẹ̀, ara á sì rọ gbogbo ilé. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, bíi AOL, ṣí Usenet fún àwọn oníbàárà wọn ní nǹkan bí 1993 sí 1994, ìwọlé náà kò dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ pè é ní September tí kò lópin. Orí Usenet yìí náà ni FAQ ti gbilẹ̀, ìyẹn àkójọ ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ pẹ̀lú ìdáhùn wọn, tí wọ́n ń gbé jáde látìgbàdégbà. Ìdáhùn mìíràn tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni RTFM, tó túmọ̀ sí "lọ ka ìwé", tòun ti èébú láàárín.

"Lọ ka ìwé" fúnra rẹ̀ kò burú. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń wá kò lè wá a nínú atọ́ka. Bí olùdáhùn bá sọ pé, "Buffering ni wọ́n ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, abala tó sọ nípa rẹ̀ rèé, ẹ wo bí wọ́n ṣe lo with, tó ń ti fáìlì fúnra rẹ̀, níbẹ̀," ìwé náà ṣì ni ó ní kó lọ kà. Àmọ́ ó ti fún un ní orúkọ, ó sì ti fi ojú ewé hàn án. Bí ìbéèrè kan bá sì ń padà wá láti ẹnu èèyàn tí kò mọra wọn rí, ìwé náà ló ní àléébù. Kí ẹni tó bá rẹ̀ láti máa dáhùn lọ tún ibẹ̀ kọ.

Bí wọ́n ṣe tò ibi ìbéèrè náà gan-an lè lé ẹni tuntun dànù láìsí pé ẹnikẹ́ni bú u. Stack Overflow, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fún ìbéèrè nípa kíkọ program, tí Jeff Atwood àti Joel Spolsky dá sílẹ̀ ní 2008, fẹ́ jẹ́ ilé ìkówèépamọ́ ìdáhùn, nítorí náà wọ́n ń ti ìbéèrè tó bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má lè dáhùn rẹ̀ mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, èèyàn ní láti ní àmì 50, èyí tó ń gbà bí àwọn ẹlòmíràn bá gbóríyìn fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó tó lè sọ̀rọ̀ kúkúrú lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n àyè ìdáhùn ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ní àmì 1. Ẹni tuntun tó kàn fẹ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlà kẹta yìí túmọ̀ sí?" á wá kọ ọ́ sí àyè ìdáhùn, wọ́n á sì pa á rẹ́. Ní 2018, iléeṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ kò gba àlejò mọ́ra tó. Ní 2024, wọ́n gbé Staging Ground jáde, níbi tí àwọn tó nírìírí ti ń bá ẹni tuntun tún ìbéèrè rẹ̀ ṣe kó tó bọ́ síta. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé àtúnṣe ń ṣáájú ìtìjú.

Ní Recurse Center ní New York, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ program, òfin kan wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí ẹnu yà pé ẹlòmíràn kò mọ nǹkan. "Háà! Ẹ ò mọ terminal?" Gbólóhùn yẹn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. "Ó rọrùn, ẹ kàn ṣe báyìí" náà ń dunni, nítorí ẹni tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta bá a jìjàkadì yóò gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n pe òun ní òmùgọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ́ nǹkan náà ní ọdún tó kọjá ló ń ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù, torí ó ṣì rántí ibi tó ti ṣubú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gba àforíjì. Àwọn kan máa ń ní kí ọ̀gbẹ̀rì tẹ rm -rf, tó lè pa gbogbo fáìlì rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n lè rí i rẹ́rìn-ín. Kí alábòójútó yọ irú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì lé ẹni tó kọ ọ́ jáde.

Olùdáhùn náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Bí ẹnì kan bá kó iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá láìfọwọ́ kan án, ó tọ́ kí a ní kó kọ́kọ́ gbìyànjú, kí a sì tọ́ka sí ibi tó lè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti rẹ̀ lè dákẹ́. Ẹlòmíràn á dáhùn.

Lẹ́yìn tí ìṣòro bá yanjú, iṣẹ́ kékeré kan ṣẹ́ kù tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Kí ẹni tó béèrè kọ ohun tó tún un ṣe sílẹ̀, kó má kàn sọ pé "mo ti rí i ṣe" kó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí olùtúnṣe má sì pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gbẹ̀rì náà lò rẹ́ nígbà tó bá ń fi orúkọ tó tọ̀nà kún un. Bí ìbéèrè bá tiẹ̀ jọ èyí tó ti wà, kí wọ́n tì í, kí wọ́n so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ "buffering". "Fáìlì mi ṣófo lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán" ni yóò tẹ̀ sínú Google.