Bí dẹ́ẹ̀kì Elf ṣe ń parí eré kí ó tó tún kan alátakò

Nínú Magic: The Gathering, eré káàdì tí Richard Garfield gbé jáde ní 1993, ẹ̀dá ló ní ẹ̀yà: Goblin, Zombie, Merfolk, Elf. Àwọn káàdì kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yà tiwọn nìkan ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kó ẹ̀yà kan ṣoṣo jọ sínú dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àkójọ káàdì tí wọ́n fi ń ṣeré. Nínú gbogbo wọn, Elf ló mọ iná dá jù, torí mana, agbára tí a fi ń san iye káàdì, ni wọ́n ń pèsè.

Káàdì mẹ́ta ni ọkàn kọ́ńbò Elf, ìyẹn àwọn káàdì tí agbára wọn ń gbé ara wọn ró. Heritage Druid ń dá Elf mẹ́ta tó wà lóòró dùbúlẹ̀ (a ń yí káàdì sí ẹ̀gbẹ́ láti fi hàn pé a ti lò ó), ó sì ń san mana ewé, ìyẹn mana aláwọ̀ ewé, mẹ́ta padà. Nettle Sentinel kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde níbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó bá kan ẹni tó ni ín, àmọ́ káàdì ewé kọ̀ọ̀kan tí onítọ̀hún bá lò lè gbé e dìde. Bí a bá lo Glimpse of Nature, gbogbo ẹ̀dá tí a bá pè lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà ló máa fa káàdì kan wá.

Ohun kan wà tí ojú ọ̀pọ̀ máa ń fò. Llanowar Elves tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè dùbúlẹ̀ fún mana ara rẹ̀, ó di ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n àṣẹ Druid ni Druid ń lò, nítorí náà àlejò Elf pàápàá wúlò lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Ká ṣírò rẹ̀. Druid kan àti Sentinel méjì ti wà lórí tábìlì láti ìgbà tó kọjá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùbúlẹ̀, mana 3 dé. Glimpse gba 1, ó ku 2, àwọn Sentinel sì ti dìde. Elf olówó mana 1 jáde: ó ku 1, káàdì kan wọlé. Òun àti Sentinel méjèèjì dùbúlẹ̀, mana di 4. Elf kejì sọ ọ́ di 6, ẹ̀kẹta sọ ọ́ di 8. Mana 8 ni Craterhoof Behemoth ń gbà. Bí ó ṣe ń jáde, àwọn Sentinel tún dìde. Ẹ̀dá méje ti wà nílẹ̀, Behemoth sì fi 7 kún agbára gbogbo wọn. Sentinel méjì pẹ̀lú 9-9, Behemoth pẹ̀lú 12: ọgbọ̀n, nígbà tí ẹ̀mí 20 péré ni alátakò fi bẹ̀rẹ̀. Irú dẹ́ẹ̀kì Elf bẹ́ẹ̀ ni Luis Scott-Vargas fi gba ìdíje Pro Tour ní Berlin ní 2008.

Káàdì 60 ló kéré jù nínú dẹ́ẹ̀kì, káàdì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kò sì gbọdọ̀ ju 4 lọ, àfi ilẹ̀ ìpìlẹ̀, ìyẹn káàdì ilẹ̀ lásán tó ń pèsè mana. Bí káàdì kan bá jẹ́ 4, nǹkan bí 40 nínú 100 ni àǹfààní àtirí i nínú káàdì 7 àkọ́kọ́. Bí méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà bá pé 8, ó ń lọ sí 65. Nítorí náà ni Elvish Mystic fi ń tẹ̀lé Llanowar Elves. Behemoth kì í ṣe Elf, ọ̀kan tàbí méjì ti tó.

Wrath of God ni kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bani, torí ó ń pa gbogbo ẹ̀dá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Druid àti Sentinel méjì bá ti dúró, kí a fi àwọn Elf yòókù pamọ́ sọ́wọ́ di ìgbà tí Glimpse bá dé: Wrath kò lè kàn wọ́n níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa fa káàdì nígbà tó bá jáde.