Ìdáhùn tó kúrú jù kọ́ ló máa ń gbà á

Àwọn tó ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ní ìmọ̀ràn kan tí wọ́n ń fún ara wọn bí àgúnmu: "Tó ò bá mọ èyí tó o máa mú, mú èyí tó kúrú jù." Àgúnmu yìí ti pa ọ̀pọ̀ máàkì.

Nínú GMAT àtijọ́, ìdánwò àwọn tó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ MBA (oyè gíga nínú ìṣàkóso òwò), wọ́n á kọ gbólóhùn kan, wọ́n á fàlà sábẹ́ apá kan, wọ́n á wá to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà kọ apá náà, kó mú èyí tó dára jù. Àkọ́kọ́ nínú márààrún ni ohun tó ti wà nílẹ̀ gan-an, wọn ò yí i padà. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Gbólóhùn náà lè má lábùkù kankan, ẹni tó sì gbà pé àtúnṣe lòun wá ṣe á ba ohun tó dára jẹ́.

Ẹ wo èyí: "The population of Lagos is larger than Ibadan." Ìdáhùn àkọ́kọ́ fi "larger than Ibadan" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì ní "larger than that of Ibadan". Ẹ̀kẹta ní "larger than those of Ibadan". Ẹ̀kẹrin ní "larger than the population that is found in Ibadan". Ìkarùn-ún ní "more larger than that of Ibadan".

Àkọ́kọ́ ló kúrú jù, òun ló sì máa ń dùn létí. Àmọ́ kí ni wọ́n fi wé kí ni? Iye èèyàn ni wọ́n fi wé ìlú. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá jìn sí kòtò yìí, torí ta ló máa sọ pé "Ilé Adé tóbi ju Òjó lọ", àfi tó bá fẹ́ gbé Òjó fúnra ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kó wọ̀n ọ́n? "Ju ti Òjó lọ" là ń sọ. "Ti" yẹn, lẹ́tà méjì péré, iṣẹ́ ẹ̀ ni "that of" ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá yọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ lè kúrú ti yọ òpó ilé.

Ẹ̀kẹta ṣubú torí ohun tó ju ẹyọ kan lọ ni "those" ń tọ́ka sí, ẹyọ kan sì ni "population". "More larger" kò tiẹ̀ yẹ lóhun tá a ń dúró lé lórí. Ó wá ku èkejì àti ẹ̀kẹrin. Gírámà ẹ̀kẹrin mọ́, ìtumọ̀ ẹ̀ sì pé. Ibi tá a dé yìí nìkan ni gígùn àti kíkúrú ti lẹ́nu ọ̀rọ̀: èkejì fi ọ̀rọ̀ márùn-ún sọ ohun tí ẹ̀kẹrin fi mẹ́sàn-án sọ, òun ló gbà á.

Àfi bí ẹni ń bẹ iṣu. Èèpo ni "due to the fact that", nígbà tí "because" wà ńlẹ̀. Èèpo ni "back" tó wà nínú "return back". Ẹni tó mọ iṣu bẹ á dẹ ọ̀bẹ lé e pẹlẹbẹ, èèpo á máa já fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó ń kánjú á ki ọ̀bẹ bọ iṣu lára, ìdajì iṣu á bá èèpo lọ, ewúrẹ́ ilé ló máa yó jù lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè sì mọ̀ pé ìkánjú ń bẹ: ìbéèrè 36 láàárín ìṣẹ́jú 65 ló wà ní apá èdè GMAT àtijọ́, kò tó ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ìdáhùn kúkúrú tó ti gbé iṣu sọ nù síbẹ̀.

Nígbà tí GMAT Focus, ẹ̀dà tuntun ìdánwò náà, dé ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n yọ irú ìbéèrè yìí kúrò. SAT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ṣì ń béèrè gírámà lọ́nà tó jọ ọ́, mẹ́rin ni ìdáhùn tiwọn. Ó dunni díẹ̀ pé irú ìbéèrè GMAT yẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tó ti ní kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ gbólóhùn kan. Ẹni tó gba gbogbo máàkì ibẹ̀ lè délé kó jókòó ti lẹ́tà ìwáṣẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí: "I am writing this letter to write to you."