Bí Mo Bá Purọ́: Ibi Tí Ìtàn Àròsọ Ti Ṣẹ̀

Nílé ìyá ìyá mi ní Kétu, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, àlọ́ kì í parí láìjẹ́ pé agogo ró. Bí ìyá àgbà bá ti kọrin Ìjàpá tán, yóò ní, "Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró." Yóò pa ètè dé, yóò fẹ́ ẹ̀kẹ́, yóò wá fi ìka gbá a: pó, pó, pó. Agogo ti ró nìyẹn, ìyá kò purọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bi wọ́n pé, "Ìyá, nígbà tó jẹ́ Ìjàpá nìkan ló wà nínú igbó, ta ló gbọ́ ohun tó ń rò nínú?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n tún fẹ́ ẹ̀kẹ́: pó, pó, pó.

Ìtàn mìíràn wà ní Kétu yìí kan náà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Bàbá Ẹlẹ́gùn ló ni ín, oyè ìdílé sì ni. Òun ló há a sórí bí àwọn baba ńlá ṣe rìn títí wọ́n fi tẹ ìlú dó, òun náà ló sì ń kà á sókè bí Alákétu tuntun bá gorí ìtẹ́. Bó bá kà á délẹ̀ láìṣì, ìlú a fún un lẹ́bùn. Bó bá ṣì í, wọ́n gbà pé ègún òrìṣà ti bà lé e nìyẹn.

Kò sí òrìṣà tí í bá apàlọ́ jà. Bí Ìjàpá bá jẹ àsáró lánàá, tó wá di èbe lónìí, ariwo ọmọdé nìkan ni yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn àròsọ ti ṣẹ̀: ẹnì kan bọ́ lọ́wọ́ ègún Bàbá Ẹlẹ́gùn, síbẹ̀ ó ṣì fẹ́ ká gba òun gbọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní èròjà ìtàn nílé ìwé, ọgbọ́n tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá ni.

Ẹ wo ẹ̀dá ìtàn. Bí wọ́n bá ti ní àlọ́ dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, a ti mọ ọ̀kánjúwà, a ti mọ alárèékérekè, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọmọ ta ni. Ẹ̀fẹ̀ tó ń jáde lálẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á kọrin bú oníwà burúkú láìdárúkọ rẹ̀, gbogbo agbo á sì ti mọ ẹni tí orin ń bá wí. Ibùdó ìtàn kò gba apàlọ́ lákòókò. "Ní ìlú kan" ti tó.

Àhunpọ̀ ìtàn, ìyẹn bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe ń fa èkejì, ló le. Aristotle ará Gíríìsì ti sọ ọ́ ní ohun tó lé ní 2300 ọdún sẹ́yìn pé òun ló ṣíwájú, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀dá ìtàn wà. Ní 1927, E. M. Forster, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọba kan ṣàlàyé rẹ̀ ní Cambridge: ọba kú, lẹ́yìn náà olorì kú, ìtàn lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìbànújẹ́ ikú ọba ló pa olorì, a ti rí ohun tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. (Ẹni tó bá ní ọba "kú" ní Kétu kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ olorì. Ọba wàjà ni.) Orin ni ìyá àgbà fi ń hun tiwọn. Orin kan náà ni à ń gbè, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá padà wá, ọ̀rọ̀ Ìjàpá ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara wa á ti bù máṣọ kí wọ́n tó dé ìparí.

Orí ìwé ńkọ́? Èkó ni ká lọ. Láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930, lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó ti yan ọkùnrin púpọ̀ lálè, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó wá ń kábàámọ̀. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ó wà láàyè lóòótọ́. Kò sí Ṣẹ̀gilọlá níbì kankan, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló jókòó tó ń kọ ọ́. Agogo ẹnu ti di lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ka lẹ́tà wọ̀nyẹn sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Fágúnwà tẹ̀lé e ní 1938 pẹ̀lú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, òun náà kò sì gbà pé òun ló rò ó. Ó ní bàbá arúgbó kan ló wá bá òun pé kí òun mú ìwé àti ohun ìkọ̀wé, kí òun máa kọ ohun tí bàbá bá ń sọ.

Lọ́dún 1938 yẹn náà, ìwé ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kan jáde ní Paris. Paul Hazoumé, tíṣà tí wọ́n bí ní 1890, ló kọ Doguicimi. Èdè Faransé ló fi kọ ọ́. Láti 1889 tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, Faransé ni tíṣà ń sọ lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí ìjọ Kristẹni ń tẹ ìwé Yorùbá lódì kejì, lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agogo ti Hazoumé ni pé ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí àṣà Dàhòmì, ó wá gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ sáàfin ọba Gezo ní Àgbómẹ̀. Gezo yìí ló bí Glele, ogun Glele ló sì tú Kétu ní 1886. Èmi ọmọ Kétu ka ìwé náà pẹ̀lú ojú tó le. Nígbà tí mo dé ibi tí Doguicimi ti bá ọkọ rẹ̀ wọ sàréè láàyè, omi ti dé ojú mi fún ìyàwó ọ̀tá. Inú bí mi sí Hazoumé díẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí mò ń lò yìí kò ti pẹ́. Àwọn olùkọ́ èdè ní Nàìjíríà ló ń dá wọn sílẹ̀ tí wọ́n sì ń kó wọn jọ. Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, apá kejì ní 1990 lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Ájàṣẹ́, personnage (ẹ̀dá ìtàn) àti intrigue (àhunpọ̀ ìtàn) ni wọ́n kọ́ wa. Mo ti dàgbà kí n tó rí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé kan láti Ìbàdàn, tí wọ́n pe asọ̀tàn tó mọ inú ẹ̀dá ìtàn tó sì mọ òde rẹ̀ ní arínúróde.

Ìyá àgbà ti lọ nígbà náà. Mo pa ètè dé, mo fẹ́ ẹ̀kẹ́, mo fi ìka gbá a. Kò ró dáadáa.