Iyùn Ju Iyùn Lọ: Bí Ìwádìí Ìfaradà Ooru Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Lábẹ́ Òkun

Iyùn pupa tí ìyàwó ń fi sọ́rùn, inú Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í kọ́ òkìtì, ìyẹn àwọn òkè líle tí iyùn mìíràn ń kọ́ sábẹ́ omi. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń kọ́ òkìtì sínú òkun olóoru ni mò ń bá bọ̀. Wọ́n le bí òkúta, ṣùgbọ́n ẹranko ni wọ́n. Inú ẹran ara wọn ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ kan ń gbé, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, tí wọ́n sì ń bọ́ onílé. Bí omi bá gbóná jù, wọ́n á pínyà, iyùn á sì funfun báláú. Bí ooru náà kò bá tètè lọ, ebi lè pa á kú. Kí omi fi dígírì kan péré ga ju ooru tó máa ń ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti tó.

Alfred Mayer wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìdánwò wo ọ̀rọ̀ yìí, ní ibùdó ìwádìí Carnegie ní Dry Tortugas, ní Florida. Ó ń mú omi gbóná díẹ̀díẹ̀ láti mọ ibi tí ẹ̀mí iyùn kọ̀ọ̀kan máa pin sí. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1914, ó hàn pé irú kan ju òmíràn lọ, àti pé dígírì díẹ̀ ló wà láàárín omi tí wọ́n ń gbé àti omi tí yóò pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n irú kan náà ńkọ́? Ṣé ó lè lágbára níhìn-ín ju lọ́hùn-ún lọ? Lójú tèmi, ibí gan-an ni ìtàn yìí ti di ńlá, iná mọ̀nàmọ́ná ló sì dá a sílẹ̀. Ní Kahe Point, ní erékùṣù Oʻahu ní Hàwáì, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan ń da omi gbígbóná sókun. Àwọn onímọ̀ nípa iyùn méjì, Paul Jokiel àti Stephen Coles, lọ wo ohun tí omi náà ń fi iyùn ṣe. Lọ́dún 1970, wọ́n kó iyùn sínú táńkì ní Coconut Island, erékùṣù kékeré kan ní Hàwáì, wọ́n sì ń wò ó bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà tó di 1976, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tó fi iyùn Hàwáì wé ti Enewetak ní erékùṣù Marshall, níbi tí omi ti gbóná ju ti Hàwáì lọ. Ooru tó ń pa ti Enewetak fi nǹkan bí dígírì 2 ga ju èyí tó ń pa ti Hàwáì lọ.

Ṣé ara ló ti mọ́ wọn ni, àbí ogún ìran ni? Ìdáhùn pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, méjèèjì ni. Ní Ofu, ní Samoa ti Amẹ́ríkà, àwọn kòtò omi kan wà létí òkun tó máa ń gbóná tó dígírì 35 nígbà tí omi bá fà. Steve Palumbi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iyùn láti kòtò tó tutù díẹ̀ wá síbẹ̀. Wọ́n ròyìn lọ́dún 2014 pé kò pé ọdún méjì tí ara iyùn náà fi le sí ooru. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn ròyìn pé àwọn mú iyùn láti apá méjì lára òkìtì ńlá Australia (Great Barrier Reef) bímọ pọ̀, ìhà àríwá tó gbóná àti ìhà gúúsù. Àǹfààní tí ọmọ tí òbí rẹ̀ wá láti àríwá ní láti yè nínú ooru lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti àwọn yòókù. Àbùdá ni wọ́n jogún.

Ọdún 2015 yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ nípa iyùn, Ruth Gates àti Madeleine van Oppen, dábàá pé kí ènìyàn máa yan iyùn tó lágbára, kó sì máa mú un bímọ, bí àgbẹ̀ ṣe ń yan irúgbìn. Gates ṣaláìsí lọ́dún 2018, iṣẹ́ náà kò dúró.

Jokiel ti kú ní 2016, ṣùgbọ́n Coles àti àwọn mìíràn padà lọ tún ìdánwò 1970 ṣe ní Coconut Island, pẹ̀lú irú iyùn mẹ́ta kan náà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: iyùn òde òní pẹ́ kó tó funfun, èyí tó yè sì pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ. Inú mi dùn sí i gidi. Àmọ́ n kò fara mọ́ àwọn tó ń fi èyí sọ pé kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu, torí omi Hàwáì fúnra rẹ̀ ti fi bíi dígírì kan gbóná sí i láàárín ìdánwò méjèèjì, iyùn ibẹ̀ sì ṣì funfun lọ bẹẹrẹ ní 2014 àti 2015.